Oríkì Aláàánú Eku

Samuel Evans Massengill, ará Bristol ní ìpínlẹ̀ Tennessee,
mo wá kì ọ́.
Ẹni tó ṣe rere là ń kì, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀,
ṣùgbọ́n ẹni tó ba nǹkan jẹ́ náà ní orúkọ tirẹ̀,
bí a ò bá sì pe orúkọ ọ̀hún síta, ẹlòmíràn á tún lọ jẹ́ ẹ.
Inú mi ò dùn sí ọ. Ohùn tí mo fi ń kì ọ́, ohùn ẹkún ni.

Aláàánú Eku!
Olóògùn tí kò pa eku kan kó tó pa ènìyàn.
Olùdáàbòbò ehoro, ọ̀rẹ́ ajá,
ẹranko kan ò ké nínú láàbù rẹ,
ẹranko kan ò sun oorun àìjí nítorí oògùn rẹ kí ó tó dọ́jà.
Ọmọ ọlọ́mọ lo fi oorun náà sílẹ̀ dè.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1937, aṣojú rẹ kan mú ìròyìn wá láti gúúsù Amẹ́ríkà,
ó ní àwọn ènìyàn ń béèrè sulfanilamide olómi.
Oògùn gidi ni sulfanilamide, n kò ní purọ́ mọ́ ọn:
ọ̀fun tó wú, egbò tó ń kẹ̀, ó ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lé e lọ.
Oníhóró ni, oníyẹ̀fun ni,
ọmọdé a sì máa tu hóró oògùn dànù.
Kò rọrùn láti yọ́ ọ sínú omi.
Harold Cole Watkins, ọ̀gá àwọn onímọ̀ kẹ́míìkà rẹ, wá ohun tí yóò yọ́ ọ kiri,
ó rí diethylene glycol,
omi aládùn kan báyìí, ọmọ ìyá èyí tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ ọkọ̀ kó má baà dì lásìkò òtútù.
Ẹ fi òórùn èso raspberry sí i.
Ẹ pè é ní Elixir Sulfanilamide.

Atọ́dùnwò, ọmọ a-rí-adùn-má-bèèrè-inú!
Ohun mẹ́ta ni láàbù rẹ yẹ̀ wò kí ìgò tó jáde:
bó ṣe rí lójú,
bó ṣe ń ta sánsán nímú,
bó ṣe dùn lẹ́nu.
Gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ kó o sọ́kọ̀,
ẹrù 633 ló gba ojú ọ̀nà lọ káàkiri Amẹ́ríkà.
Kí ló dé tí ẹ ò fún eku kan mu?
Òfin ò ní kí ẹ ṣe é, ìdáhùn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Òfin ọdún 1906 tó wà lójú iṣẹ́ nígbà náà kò bi olóògùn léèrè
bóyá ohun tó fẹ́ tà yóò pa ẹni tó bá rà á.

Jẹ́ kí n fi ohun tó wà nínú ìgò rẹ hàn ọ́, torí ìwọ ò wò ó. Ọmọ mu ún lówùúrọ̀, ó lá ṣíbí, ó tún ń fẹ́ sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í rún un, ó ń bì. Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ dá. Ìyá fọwọ́ kan ìdí ọmọ, ó gbẹ. Ó tún fọwọ́ kàn án lálẹ́, ó gbẹ. Kíndìnrín ti kú, ara kò sì rí ibi da ìdọ̀tí inú rẹ̀ sí mọ́. Ọmọ ń jẹ̀rora, iyè rẹ̀ ń rá, gìrì gbé e. Ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń jìyà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn 105 ló kú ní ìpínlẹ̀ 15. Ọmọdé ni 34 nínú wọn.

Ilé iṣẹ́ rẹ fi wáyà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bá a tà á pé kí wọ́n dá ìgò padà, kò sọ fún wọn pé ikú wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ líle mú ọ lo tó fi òmíràn ránṣẹ́. Ayẹ̀ṣẹ́wò àti onímọ̀ kẹ́míìkà 239 ni FDA ní nígbà náà, gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú síta. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń tú ìwé owó yẹ̀ wò, wọ́n ń béèrè ta ló ra ìgò, ta ló mu ún. Ọ̀kan nínú àwọn aṣojú rẹ ní Texas ò sọ ibi tó tà á sí títí wọ́n fi tì í mọ́lé. Dókítà kan sì wà tó sún ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ síwájú kó lè bá wọn wá ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti gbé lọ sórí òkè. Dókítà yẹn, n kò mọ oríkì rẹ̀, bí mo bá mọ̀ ọ́n ǹ bá kì í títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Olówó-ìtanràn, ọmọ a-san-án-tán-a-gbàgbé!
26,100 dọ́là ni wọ́n bù fún ọ.
Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n fi mú ọ?
Wọn kò fi ẹ̀mí 105 mú ọ, òfin ò ní ibi tó kọ ọ́ sí.
Elixir tó o kọ sára ìgò ni wọ́n rí dìmú:
bí oògùn bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọtí gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, tìrẹ ò sì ní ọtí.
Ká ní orúkọ mìíràn lo kọ ni, ọ̀fẹ́ ni ò bá lọ.
Ìwọ náà jáde, o ní ẹ̀bi kankan kò sí lọ́rùn ilé iṣẹ́ rẹ.
Aláìlẹ́bi Bristol, mo gbọ́.

Orúkọ Aláàánú Eku tí mo fún ọ, mo fẹ́ gbà á padà báyìí, nítorí ìwọ ò dá eku náà sí. Ní Yunifásítì Chicago, Ọ̀jọ̀gbọ́n Geiling kó eku, ehoro àti ajá jọ láti mọ èwo nínú ohun tó wà nínú ìgò rẹ ló ń pani. Ọ̀dọ́mọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, Frances Oldham, ló ń bójú tó àwọn eku. Wọ́n mu diethylene glycol, ìtọ̀ wọn dá, wọ́n kú. Kò pẹ́ rárá tí ìdáhùn fi jáde. Eku díẹ̀ ni ì bá kú kí oògùn tó jáde, ọmọ ènìyàn kankan ì bá má kú lẹ́yìn rẹ̀. Torí pé o kọ̀ láti béèrè, àti eku àti ọmọ ló lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1938, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin tuntun: kí olóògùn fi hàn pé oògùn rẹ̀ kò léwu kó tó gbé e wọ ọjà.

Ẹni tó bá sọ pé eku ò mọ ìrora, ẹni náà ò tíì gbọ́ igbe eku nínú tàkúté. Mo mọ̀ pé ẹ̀mí ni. Mo mọ̀ pé kò sí ehoro tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún wa. Síbẹ̀, bí oògùn bá jẹ́ tuntun, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti mọ ohun tí yóò ṣe nínú ara, mo fara mọ́ ọn pé kí a bi ẹranko léèrè kí a tó bi ọmọ. Àwọn tó ń sunkún lórí ẹranko, ẹkún wọn tọ́. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn ni ìdáhùn tí wọn yóò fún ìyá tó fọwọ́ kan ìdí ọmọ tó gbẹ.

Ẹ̀yin eku Oxford, ẹ̀yin ni oríkì tọ́ sí!
Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1940,
ẹ̀yin mẹ́jọ ni wọ́n fún ní kòkòrò àrùn tó ń pani,
ẹ̀yin mẹ́rin ni wọ́n fún ní penicillin tẹ̀ lé e.
Ilẹ̀ mọ́, mẹ́rin kú, mẹ́rin ń sáré kiri.
Àwa tí abẹ́rẹ́ yẹn gbà sílẹ̀ lẹ́yìn yín,
gbèsè yín wà lọ́rùn wa.

Gbèsè yẹn ló mú mi kì ẹlòmíràn mọ́ Massengill. Chemie Grünenthal, ilé olóògùn Jámánì, A-bi-eku-ní-ìdajì-ọ̀rọ̀! Ìwọ fún eku ní thalidomide, o fún un ní púpọ̀, eku ò kú, o sì kígbe pé oògùn rẹ ò ní ewu. Ọdún 1957 lo bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, àwọn aláboyún ń lò ó kí èébì lè fi wọ́n sílẹ̀. O ò fún eku tó lóyún. O ò fún ehoro tó lóyún. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tó lé ní 10,000 ti wá sáyé pẹ̀lú apá àti ẹsẹ̀ tí kò gùn tó, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ehoro tó lóyún, ọmọ inú ehoro náà sì bàjẹ́. Àwọn eku tó o kọ́kọ́ lò, o lò wọ́n lásán, ohun tó yẹ kí o béèrè kọ́ lo béèrè. Nígbà tí wọ́n gbé oògùn yìí dé FDA lọ́dún 1960, obìnrin kan ló jókòó lé ìwé, tó ní òun ò ní fọwọ́ sí i. Frances Kelsey ni. Òun náà ni Frances Oldham tó bójú tó eku ní Chicago, ilé ọkọ ló yí orúkọ rẹ̀ padà.

Àti ìwọ àyẹ̀wò ìdajì-á-kú, tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Trevan gbé kalẹ̀ lọ́dún 1927, tí wọ́n á máa fún agbo ẹranko ní oògùn títí ìdajì wọn á fi kú, kí wọ́n lè kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀! Ọdún 2002 ni OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ìlànà àyẹ̀wò kẹ́míìkà, tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìlànà rẹ̀. Ó pẹ́ jù.

Oríkì kì í parí kí a má ka ọmọ.
Massengill, àwọn ọmọ rẹ, àwọn olóògùn tó ń ṣe bíi tìrẹ, wá sílé wa.
Ní 1990, ọmọ 47 tí ìtọ̀ dá mọ́ lára ni wọ́n gbé wọ ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Jos,
sírọ́ọ̀pù paracetamol ni wọ́n mu, diethylene glycol ló wà nínú rẹ̀,
ikú pa wọ́n lọ bẹẹrẹ.
Ní 2008, My Pikin, oògùn eyín ọmọ,
àwọn ìyá rà á torí eyín ń hù, ara ọmọ ń gbóná.
Propylene glycol tí kì í pani ló yẹ kó wà nínú rẹ̀,
diethylene glycol ni wọ́n dà sí i.
Ọmọ 84 kú kí ọdún 2009 tó jìnnà.
Ní 2022, ó dé Gambia, sírọ́ọ̀pù ikọ́, ó lé ní 60 ọmọ.

Ohun tó dùn mí jù lára ti àwọn ọmọ rẹ yìí ni pé àwọn ò nílò eku kankan mọ́. Àwọn eku Chicago ti dáhùn tán. Gbogbo ayé ti mọ ohun tí diethylene glycol ń ṣe. Àyẹ̀wò kẹ́míìkà tí a ń fi ẹ̀kán díẹ̀ ṣe nínú láàbù ló kù, kí ẹni tó ra àgbá lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Kò ní ìrora kankan nínú, kò sì náni ní owó ńlá. Wọn ò ṣe é. Wọ́n fi ikú àwọn ẹranko yẹn ṣòfò, wọ́n wá fi ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Massengill tó wà láàyè,
onírárà a máa gba owó níwájú orí, èmi ò gba tiyín.
Ìwé ni kí ẹ fún mi.
Kí n rí i níbẹ̀ ta ló ṣí àgbá yìí, ọjọ́ wo ló ṣí i,
kí ló bá nínú rẹ̀, kí ẹ tó da ẹ̀kán àkọ́kọ́ sígò.
Bí ẹ bá sì ti pa ẹranko kí ẹ tó dé ibẹ̀,
kí n rí iye rẹ̀, kí n rí ohun tí ẹ bi í,
kí n rí ìdí tí ọ̀nà mìíràn ò fi sí.
Kí orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i hàn gbangba nísàlẹ̀ ìwé,
kí àwa tó ń kini lè mọ ẹni tí a ó kì.