Àǹtí Àgùdà, Ẹ̀wà Ni Frejon

Àǹtí wa, ọmọ Pópó Àgùdà,

Mo dọ̀bálẹ̀ ná, kí ẹ má baà ní mo rí yín fín. Ẹjọ́ frejon ni mo bá wá. Ẹnikẹ́ni tó bá pè é ní ẹ̀wà lójú yín, ẹ ó fajú ro bíi karétà ọjọ́ ọdún, ẹ ó ní "Oúnjẹ Àgùdà ni, kì í ṣe ẹ̀wà!"

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó ni èdè. Feijão ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Potogí. Ẹ dé ọjà Salvador ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, ẹ ní ẹ fẹ́ ra feijão: ẹ̀wà gbígbẹ ni wọ́n máa wọ̀n fún yín, ì báà dúdú, ì báà pupa. Kò sí àgbọn níbẹ̀, kò sí ṣúgà. Èyí tí wọ́n ń lọ̀ ṣe àkàrà, tí wọ́n ń pè ní acarajé, feijão náà ni. Àwa fún wọn ní àkàrà, wọ́n fún wa ní feijão, ẹ̀yin wá ń fi tiwọn yangàn sí wa lórí!

Ta ló tiẹ̀ ki "r" bọ̀ ọ́ lẹ́nu? Kò sí "r" nínú feijão látorí dé ìrù. Àwọn baba ńlá yín ni mo fura sí. Nígbà tí èrò tó ń wọkọ̀ padà wálé pọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Bahia lọ́dún 1835, àfàìmọ̀ kí atẹ́gùn òkun má ti fẹ́ ẹ wọlé.

Ṣùgbọ́n n ò ní rẹ́ yín jẹ. Àwọn ará Bahia náà máa ń fi àgbọn se ẹ̀wà lọ́sẹ̀ Àjíǹde, feijão de leite ni wọ́n ń pè é. Bí wọn ò bá fi leite, ìyẹn wàrà tó wà nídìí orúkọ yẹn, kún un, wọn ò ní gbọ́ ara wọn yé. Ládùúgbò Campos tiyín, "frejon" nìkan ti tó: gbogbo Èkó ti mọ̀ pé ẹ̀wà tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ ni, tí ẹ lọ̀, tí ẹ sẹ́, tí ẹ fi oje àgbọn àti ṣúgà pò, tí ẹ gbé ka iwájú ọbẹ̀ ẹja ní Ọjọ́ Ẹtì Rere tí ẹran di èèwọ̀. Ibi tí ẹ borí nìyẹn.

Tọ́jọ́ bá pé, orúkọ tó bá wù yín ni n óò pè é, kí abọ́ mi ṣáà ti kún. Ẹ bá mi wọ́n gààrí Ìjẹ̀bú sí i. Ìgbín aláta, méjì ni tèmi o.

Èmi ni,
Àbúrò yín alágídí