Ìpàdé Orí Ìdúró

Báńkì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà ní Marina, l'Ékòó, ló rán mi lọ kọ́ Scrum, ọ̀kan lára àwọn ìlànà Agile fún ṣíṣe sọ́fítíwíà. Ọjọ́ méjì péré ni ẹ̀kọ́ ọ̀hún, àmọ́ bí mo ṣe gbé ìwé ẹ̀rí dé, ẹ ó rò pé mo wà lára àwọn 17 tó péjọ sí Snowbird ní Utah, l'Amẹ́ríkà, lóṣù kejì ọdún 2001, tí wọ́n gbé ìkéde Agile jáde. Mo ń kiri ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń kiri ẹ̀kọ: sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó ṣáájú ìwé rẹpẹtẹ!

Ìpàdé àárọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀: ìṣẹ́jú 15, gbogbo wa lórí ìdúró, kí ọ̀rọ̀ má bàa gùn. Ọ̀gá ẹ̀ka wa wọlé. Ká tó kí i tán, ká tó béèrè ìyàwó àtàwọn ọmọ, àkókò ti ń lọ. Ẹnìkan sáré gbé àga wá fún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orí ìdúró ni o." Ọ̀gá wò mí. Gbogbo wọn wò mí. Èmi náà ni mo nu àga ọ̀hún.

Mo ní kí kálukú sọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ta ló máa sọ lójú ọ̀gá pé ìbuwọ́lù ọ̀gá lòun ń dúró dè? "Kò síṣòro kankan, sà." (Ẹ̀yìn èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fara balẹ̀ ka ìwé tí Ken Schwaber àti Jeff Sutherland kọ lórí Scrum. Ìṣẹ́jú 15 wà níbẹ̀. Wọn ò ní kẹ́nikẹ́ni dúró.)

Mo wá lẹ àwọn bébà aláràbarà mọ́ ògiri, iṣẹ́ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bíṣẹ́ bá parí, a ó sún bébà rẹ̀ sápá ọ̀tún. Màdáámù kan dé láti ọ́fíìsì ọ́dítọ̀: "Ta ló fọwọ́ sí i pé eléyìí ti parí?" Láti ọjọ́ náà, bébà kọ̀ọ̀kan ń gba ìbuwọ́lù mẹ́ta àti òǹtẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ń wọ fáìlì. Ọwọ́ mi ni fáìlì wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la pín iṣẹ́ sí. A parí ti àkọ́kọ́ lásìkò, ó kù díẹ̀ kí n jó. Àmọ́ ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí àyípadà lórí kọ̀ǹpútà báńkì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń jókòó. Wọ́n ti jókòó lánàá.

Ọ̀gá àgbà pátápátá gbọ́ nípa ìpàdé wa, ó sì pàṣẹ kí gbogbo ẹ̀ka máa ṣe é, nínú gbọ̀ngàn, pẹ̀lú àga, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ìpàdé àná. Ó ní kí n dìde kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Kí n tó jókòó, wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé.