Ọmọ Àgbẹ̀ Lọ Sùn Lóko

Àwọn ìbejì wa ló fà á. Nígbà tí ìgbéyàwó èmi àti ìyá wọn pé ọdún 25, wọ́n dáwó jọ, wọ́n gba yàrá alẹ́ kan fún wa ní òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá kan ní Cotswolds, ibi tí wọ́n ti ní oko tiwọn lẹ́yìnkùlé, tó jẹ́ pé inú oko yẹn ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sè ti ń wá. Táíwò fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: ilé olókùúta aláwọ̀ oyin, àgùntàn lórí koríko, yàrá kan tí ọpọ́n ìwẹ̀ wà láàárín gbùngbùn rẹ̀ bí ẹni pé àwọn tó gbé e wá ti gbàgbé ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Mo bojú wo iye tí wọ́n san. Owó alẹ́ kan yẹn ju owó ilé oṣù kan tí mo ń san nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Peckham lọ.

Mo ní, "Ẹ ní kí n lọ sùn lóko, kí n tún sanwó?"

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bàbá mi dáko ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀wà ní Òkèehò, kò sì sí ọlidé kan tí wọn kì í pè mí pé ó yá. Inú kì í run mí nígbà tí ilé ìwé bá wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí ọlidé bá bẹ̀rẹ̀ gan-an ni inú rírun máa ń dé. Torí kí n má baà di ọkọ́ mú mọ́ ni mo ṣe kàwé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ní London, ẹ bi gbogbo ará gáréèjì wa, wọ́n á sọ fún yín pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi hàn mí lóko.

Ìyàwó mi mọ̀ mí. Nínú ọkọ̀ ojú irin láti Paddington, ó dákẹ́ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Moreton-in-Marsh, nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, kó tó wá sọ ọ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ máa wòran ni o. Ẹ má kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Ohun tí òun kò mọ̀ ni pé ike gàrí kan wà nísàlẹ̀ àpótí ẹrù mi, pẹ̀lú ata díńdín tí mo fi ọ̀rá mẹ́ta dì. Mo ti gbọ́ nípa oúnjẹ àwọn olówó. Gàrí yẹn náà ló fà á tí èmi àti ọmọkùnrin tó fẹ́ bá mi gbẹ́rù fi jọ di àpótí mú lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fà á, tí mo ń fà á, títí ìyàwó mi fi bá mi wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń bójú tó oko ẹ̀fọ́ wá mú àwa àlejò káàkiri. Wọ́n yá wa ní rénbúùtù. Ó sọ ìtàn iṣẹ́ wọn fún wa, bí arábìnrin kan tó ń jẹ́ Eve Balfour ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi oko ajílẹ̀ kẹ́míkà wé oko tí kò lo kẹ́míkà ní Suffolk lọ́dún 1939, tó kọ ìwé nípa ilẹ̀ lọ́dún 1943, tí òun àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ Soil Association sílẹ̀ lọ́dún 1946. Ó ní tí àgbẹ̀ bá jáwọ́ nínú kẹ́míkà lónìí, ó gbọ́dọ̀ dúró bí ọdún méjì kí wọ́n tó gbà kó ta ẹ̀fọ́ ilẹ̀ náà pẹ̀lú orúkọ organic.

Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo ní bàbá mi kò lo kẹ́míkà lóko rẹ̀ títí ayé rẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí mi bí ẹni pé ọmọ wòlíì ni mí. N kò sọ pé owó ajílẹ̀ ni kò sí.

Láti ibẹ̀ ni orí mi ti wú. A dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Gloucestershire Old Spots, ẹlẹ́dẹ̀ funfun tí tóótòòtó dúdú wà lára rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé èso ápù tó ń já lù wọ́n lábẹ́ igi ló dá àpá yẹn sí wọn lára. Mo ní irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A dé ẹ̀gbẹ́ ọgbà kan, mo rí ewé tútù yọ̀yọ̀ kan, mo ní, "Ẹ̀fọ́ rèé! Ìyá mi máa ń sè é," mo sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n já a fún wọn rí.

Èsìsì ni. Èsìsì àwọn Òyìnbó. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹni fọwọ́ kan iná, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, torí àlejò mẹ́jọ ló ń wò mí. Ọmọbìnrin náà já ewé dock fún mi, ó ní kí n fi ra á; ohun tí àwọn ìyá àgbà wọn máa ń lò nìyẹn. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo ojú ọ̀run.

Àwọn àgbà ní èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò sọ ohun tí èèyàn máa ṣe tí wọ́n bá gbé e wá fún un ní alẹ́ ọjọ́ kan náà nínú àwo. Ọbẹ̀ èsìsì ni oúnjẹ àkọ́kọ́. Wọ́n ní tí iná bá ti kàn án kò lè jóni mọ́, òótọ́ sì ni, ó tiẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ṣíbí mẹ́rin ni. Oúnjẹ méje ni wọ́n gbé wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kà á. Èyí tó tẹ̀ lé ọbẹ̀ jẹ́ kárọ́ọ̀tì kan. Kárọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, tòun ti ewé orí rẹ̀, tí wọ́n gbé sórí ohun dúdú kan tó jọ iyẹ̀pẹ̀. Ọmọ tó gbé e wá sọ orúkọ kárọ́ọ̀tì náà fún wa, ó sọ ibi tí wọ́n ti hú u àti aago tí wọ́n hú u. Mo rò pé ó ń bá mi dárò òkú ni.

Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́, ìyàwó mi ti sùn, ebi kò jẹ́ kí èmi sùn. Kẹ́tùlù wà nínú yàrá. Gàrí wà nínú àpótí. Ohun tí kò sí ni abọ́. Ife tíì kéré jù. Mo wò yí ká, mo rí garawa kékeré kan tó ń dán, èyí tí wọ́n fi yìnyín sí fún wáìnì, mo da omi yìnyín rẹ̀ nù sínú ọpọ́n ìwẹ̀ tó wà láàárín yàrá. Ọmọ orógùn wá ńkọ́? Lára ògiri, igi pẹlẹbẹ gígùn kan wà tí wọ́n fi ń ti gìgísẹ̀ bọ bàtà. Mo fọ̀ ọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo fọ̀ ọ́ dáadáa.

Ẹ̀bà náà ró. Nínú òkùnkùn, ní orí ìkúnlẹ̀, mo fi ata díńdín jẹ ẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Mo fi aṣọ ìnuwọ́ bò ó, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ní màá da á nù tílẹ̀ bá mọ́.

Oṣù kẹfà ni, ìgbà tí oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń yọ kí aago márùn-ún tó lù. Ojú mi là. Mo wo ìta lójú fèrèsé, mo rí ebè gígùn mẹ́ta nínú oko ẹ̀fọ́ tí èpò ti gbà pátápátá. Lánàá n kò ṣàkíyèsí wọn. Mo ní, háà, àwọn ọmọ yìí ń tiraka, àmọ́ iṣẹ́ ti pọ̀ jù wọ́n lọ. Ìtìjú èsìsì ṣì ń jó mi lọ́wọ́. Mo wọ rénbúùtù, mo bọ́ sóko, mo rí ọkọ́ kan nínú búkà wọn, ọkọ́ elérùkù gígùn tí èèyàn kì í bẹ̀rẹ̀ lò. Tí irú rẹ̀ bá wà ní Òkèehò, bóyá inú ì bá tí máa run mí.

Mo roko. Mo ro ó bí ẹni tí bàbá rẹ̀ ń wò láti òkè. Kí aago méje tó lù, ebè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ́ tónítóní, mo ti kó èpò jọ gègèrè, mo sì dúró ti iṣẹ́ mi, mo ń retí ẹni tó máa kí mi kú iṣẹ́.

Ọmọbìnrin àná ló kọ́kọ́ dé. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀. Ó wo òkìtì. Òyìnbó kì í pariwo tí inú bá bí wọn. Ohùn wọn ló máa ń rọ̀. Ó ní kò sí wàhálà rárá, rárá o, mo sì ti gbé London pẹ́ tó láti mọ̀ pé tí wọ́n bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wàhálà ti kún.

Clover ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe èpò. Wọ́n gbìn ín ni. Ẹ̀yà ẹ̀wà ni, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú kókó wẹ́wẹ́ ara gbòǹgbò rẹ̀ ló ń gba náítírójìn látinú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń fi bọ́ ilẹ̀. Níwọ̀n bí wọn kò ti lè ra ajílẹ̀ kẹ́míkà, òun ni ajílẹ̀ wọn. Tó bá pé, wọ́n á ro ó mọ́ ilẹ̀, kábéèjì á sì wá tẹ̀ lé e. Mo fa ọ̀kan yọ nínú òkìtì, mo wo gbòǹgbò rẹ̀. Kókó wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí ẹyin iná orí. Mo sì rántí, nígbà tí kò wúlò mọ́, pé bí ilẹ̀ bá ti ṣá, ẹ̀wà ni bàbá mi máa ń kọ́kọ́ gbìn sí i kí àgbàdo tó kàn. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi. Ó jọ pé ọjọ́ tí inú ń run mí ni.

Ọmọ náà ṣàánú mi. Ó ní ṣé mo fẹ́ lọ kó ẹyin tí màá jẹ ní àárọ̀, torí wọ́n máa ń gba àlejò láyè láti mú tiwọn lábẹ́ adìẹ. Mo ní mo ti mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Adìẹ méjì sọ mí lẹ́nu, n kò ka ìyẹn sí. Mo rí ẹyin pupa rèsúrèsú kan, mo mú un fún ìyàwó mi. Nínú ìtẹ́ kejì mo rí ọ̀kan tó funfun, tó ń dán, tó sì wúwo lọ́wọ́. Mo ní èyí ni tèmi. Mo kọ nọ́ḿbà yàrá wa sí méjèèjì lára, mo gbé wọn fún ilé ìdáná.

Wọ́n gbé wọn dé nínú ife ẹyin. Ìyàwó mi fi ṣíbí kan tiẹ̀, ó là, ó ń jẹ. Mo kan tèmi. Mo tún kàn án. Mo fi ìdí ọ̀bẹ gbá a, ó dún gbọ̀n-ọ́n bí aago ṣọ́ọ̀ṣì, ó fò kúrò nínú ife, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ tábìlì àwọn tọkọtaya kan tó ń ka ìwé ìròyìn. Kò sán rárá. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé e fún mi, ó ní, "Ó ṣì gbóná."

Ẹyin tánganran ni. Wọ́n máa ń fi í sínú ìtẹ́ kí adìẹ lè máa yé sójú kan, torí ibi tí adìẹ bá ti rí ẹyin ló ń gbà pé ibẹ̀ dára. Ìyá mi gan-an kì í kó ẹyin tán lábẹ́ adìẹ. Ó máa ń fi ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn ará ilé ìdáná rò pé mo fẹ́ fi ṣe àwàdà ni, wọ́n sì fẹ́ bá mi ṣe é, ni wọ́n bá sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́fà bí ìkejì rẹ̀. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín débi pé ó sunkún. Ọdún 25, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

A gòkè lọ kó ẹrù. Wọ́n ti tún yàrá ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, garawa mi kò sí níbi tí mo gbé e sí. Wọ́n ti gbé e sí abẹ́ òjìji, wọ́n ti mú aṣọ ìnuwọ́ mi kúrò, wọ́n fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ bò ó, wọ́n sì fi káàdì kan tì í. Ìyàwó mi kà á sókè. Wọ́n ní kí a má bínú, àwọn ṣí i láti mọ ohun tó jẹ́, òórùn rẹ̀ ló sì jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ìwúkàrà búrẹ́dì tí à ń gbé kiri ni. Àwọn kò fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá alásè ní kò sí bí àwọn ṣe lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀, báwo ló ti pẹ́ tó lọ́wọ́ wa?

Ìyàwó mi gbé aṣọ náà. Ó wo ẹ̀bà. Ó wo igi ìwọ-bàtà tó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò mí.

"Bàbá Ìbejì, ẹ sọ òótọ́ fún wọn." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi takisí.

Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì pé ti bàbá mi ni, àgbẹ̀ ní Òkèehò, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo fi kún un pé kí wọ́n máa fi omi gbígbóná bọ́ ọ.