Eré Inú Ẹ̀gún

Èèyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò tíì rí ẹni tó tú ìdí ẹ̀rọ ìṣirò TI-83 nítorí kí ó lè tètè ya gíráàfù. Onítọ̀hún kò lé nǹkan kan, nǹkan kan kò sì lé e, síbẹ̀ eré ló ń sá.

Ilé iṣẹ́ Texas Instruments ló gbé ẹ̀rọ náà jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996. Z80, tó ti délé ayé láti ọdún 1976, ni ọpọlọ rẹ̀. Mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì 6 sì ni ìwọ̀n eré rẹ̀. Bí onílù ṣe ń darí ẹsẹ̀ oníjó ni kàpásítọ̀ kékeré kan ṣe ń darí ọpọlọ yìí: ó ń gba iná sínú, ó ń tú u jáde, bó ṣe ń kún tó ń gbẹ ni ìlù ń dún. Èyí tó bá kéré a máa tètè kún, ìlù á sì yá. Nítorí náà, olùfẹ́ eré á fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì, á yọ ti àtijọ́, á fi èyí tó kéré sí i rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gún ò jìnnà. Ojú ẹ̀rọ náà ní ìwọ̀n eré tirẹ̀. Bí àṣẹ bá ń ya lù ú, wúruwùru ni àwòrán á jáde. Bátìrì mẹ́rin inú rẹ̀ á tètè kú. Bí eré bá wá pàpọ̀jù, ẹ̀rọ á dákú, gbogbo ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ kó sínú rẹ̀ á sì pa rẹ́.

Èrè ibẹ̀ ni pé gíráàfù á fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yá. Ṣùgbọ́n ìdúró ni ẹ̀rọ ìṣirò ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ṣe: ó ń retí ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnnì. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti gba ẹ̀rọ ìṣirò láyè nínú SAT, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà, wọn kò sì fún ẹnikẹ́ni ní máàkì nítorí pé tirẹ̀ yára. Ẹni tí kò mọ ìṣirò tí ẹ̀rọ rẹ̀ yá, kíákíá ni yóò máa gba ìdáhùn tí kò tọ̀nà.

Lọ́dún 2001, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbé TI-83 Plus Silver Edition jáde, tó ń sá mẹ́gáhẹ́ẹ̀sì 15, tó sì lè padà sí 6 bó bá yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rà á kò nílò irin gbígbóná mọ́. Ìṣirò nìkan ló kù tí yóò kọ́.