Àga Tí Ń Gun Àtẹ̀gùn

Àga oníbátìrì yìí ń rìn lórí irin tí wọ́n dè mọ́ àtẹ̀gùn. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Benin, ilé ilẹ̀ ló pọ̀, ilé tó nílò irú àga bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn àpáta ńlá ìlú náà ló ga, àga kankan kò sì lè gùn wọ́n. Ṣùgbọ́n onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fẹ́ ra àga náà fún bàbá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ wo àtẹ̀gùn ilé rẹ̀: irin tó lọ tààrà kò wọ́n tó èyí tó ṣẹ́ kọ́nà, tí wọ́n ń rọ fún ilé kan ṣoṣo. Yóò béèrè ìwúwo tí àga náà lè gbé. Àgbà tó bá fi tirẹ̀ pamọ́, ẹ̀rọ àga náà yóò tú àṣírí rẹ̀. Bátìrì tó dára kì í jẹ́ kí iná tó lọ fi bàbá sílẹ̀ láàárín, kò dé òkè, kò sí nílẹ̀. Kí àga náà ní kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú, torí àwọn ọmọ-ọmọ ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. Bí yàrá bá ṣófo nísàlẹ̀, gbígbé bẹ́ẹ̀dì bàbá sọ̀kalẹ̀ ló dínwó jù.