Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, Níbo Gan-an Ló Ti Ṣọ́ọ̀tì?

Ẹ̀gbọ́n mi, Ẹnjiníà wa ní Ìjìgbò, Adó-Èkìtì,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó fíùsì. Kò sẹ́ni tó lè bá yín du ọ̀rọ̀ sódà jíjó láti Ọjà Ọba títí dé Ajílósùn. Ẹnu yín ni mo fẹ́ bá jà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: "Ó ti ṣọ́ọ̀tì." Tẹlifíṣọ̀n, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Ínfátà, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Rédíò tí ìyá kan gbé wá láti Ìyìn, tó jẹ́ pé wọ́n kàn ki bátìrì rẹ̀ sódì ni, òun náà ti ṣọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó ní ká lọ ra bọ́ọ̀dù mìíràn.

Mo gbà, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Níbo?

Nígbà tí iná gíga pa tẹlifíṣọ̀n mi, fíùsì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ fi òmíràn sí i, ó já. Ẹ bá bó wáyà, ẹ yọ fọ́nrán kan, ẹ fi rọ́pò fíùsì, ẹ ní yóò fojú ara rẹ̀ hàn. Ó kúkú fojú hàn: gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù yín ló ṣókùnkùn. Fíùsì ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ fi wáyà dí i lẹ́nu!

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tí iná gbà. Ó kọjá lára fíùsì, ó kan varistor, róbótó pẹlẹbẹ tó máa ń fi ara rẹ̀ jìn nígbà tí iná bá ga jù. Ó dé ọ̀dọ̀ dáyóòdù 4, lẹ́yìn náà kapásítọ̀ ńlá 400V, lẹ́yìn náà MOSFET. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá ṣọ́ọ̀tì yóò já fíùsì. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ná, kí ẹ sì tú iná inú kapásítọ̀ náà dànù, torí 220V tó bá wọlé ń di nǹkan bí 310V níbẹ̀, kì í sì í bá púlọ́ọ̀gì jáde. Ẹ wá gbé mítà, ẹ yí i sí èyí tó máa ń dún, kí ẹ fi wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú ẹsẹ̀ kan lára ẹni tí ẹ bá fura sí, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lóun nìkan. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá dún ló jẹ̀bi o: kọ́ìlì yóò dún, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ dán an wò, ẹ so gílóòbù 100W àtijọ́ tó ń gbóná, kì í ṣe LED, sójú ọ̀nà iná tó ń wọ bọ́ọ̀dù. Tó bá tàn yanran tí kò rẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀tì ṣì wà. Tó bá tàn fìrí tó sì ṣú, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Fíùsì kankan ò ní ṣòfò, àwọn aládùúgbò yín ò sì ní ṣépè.

Ti fóònù yàtọ̀ díẹ̀. Kapásítọ̀ tíntìntín bí ogún lè wà lórí ìlà kan, kí ẹyọ kan ṣọ́ọ̀tì, kí gbogbo wọn máa dún. Ẹ fún ìlà náà ní iná tí kò tó 1V, kí ẹ wọ́n spirit sí i. Ibi tó bá kọ́kọ́ gbẹ ni ọ̀daràn wà.

Ti àwọn ọmọ Poly ojú ọ̀nà Ìjàn tó ń wá ṣe IT oṣù 4 lọ́dọ̀ yín ló dùn mí jù. Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1827, pé bí ìdènà bá ṣe ń kéré ni iná tó ń kọjá ń pọ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín, wáyà ni wọ́n bá nílé fíùsì. Ta ni kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀?

Tẹlifíṣọ̀n mi ṣì wà lábẹ́ tábìlì yín. Mò ń bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú gílóòbù àti hódà rẹ̀. Owó iṣẹ́ yín ti wà nílẹ̀, màá sì fi owó iyán lé e. Owó bọ́ọ̀dù tuntun ni mi ò ní san, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi ìka tọ́ka sí ohun tó ṣọ́ọ̀tì.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tí kì í yé jiyàn.