Ẹ̀gbọ́n Fáìfù-Jí

A kì í pe orúkọ ẹ̀gbọ́n yìí mọ́ ní àdúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n Fáìfù-Jí ni tọmọdé tàgbà ń pè é, láti ọjọ́ tó ti ra fóònù tí wọ́n kọ 5G gàdàgbà sí lára páálí rẹ̀. Páálí ọ̀hún ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Àlejò kì í jókòó tán kí ẹ̀gbọ́n tó bi í pé, "Ṣé ẹ rí páálí yẹn?"

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí n wá wo fídíò ọmọ-ọmọ òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. A tẹ̀ ẹ́. Àmì róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ro àmàlà, a jẹ ẹ́, a fọ ọwọ́, àmì ṣì ń yí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí á ti máa sáré báyìí o." Ó ní ìjọba ló fà á.

Mo gba fóònù, mo wo òkè pátápátá. Báà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún, àmọ́ lẹ́tà kan lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn: E. Mo bi ẹ̀gbọ́n léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó wú àyà, ó ní, "Excellent ni!"

Ẹ gbà mí! EDGE ni E yẹn, ara ìdílé 2G tí GSM bá wọ Nàìjíríà lọ́dún 2001. G nìkan, ìyẹn GPRS, ló tún lọ́ra jù ú lọ. Fóònù wọ sányán, ó gun ọmọlanke! (Kí n má purọ́, ó pẹ́ tí èmi náà fi rò pé "Hello" ni H. Ọmọ ìyá 3G ni, òun àti H+. LTE sì rèé, 4G ló ń jẹ́ orúkọ oyè.)

Mo wọ sẹ́tíǹsì, mo dé ibi síìmù, mo bá 2G nìkan níbẹ̀. Ta ló ṣe é? Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ni! Wọ́n ní bátìrì kì í tètè kú lórí 2G. Òótọ́ ni, kì í tètè kú. Fídíò ló ń kú.

Mo ṣí i sílẹ̀, H+ yọjú, báà sì já sí ẹyọ kan. Mo tẹ *#*#4636#*#*, tó máa ń ṣí ìwé àṣírí ọ̀pọ̀ fóònù Android, a rí agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì: −112 dBm. Inú ẹ̀gbọ́n dùn, ó ní máàkì òun ti kọjá ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n, gbèsè nìyẹn! Bó bá ṣe súnmọ́ òdo tó ló ṣe dáa tó.

Kí ló dé tí 4G kò wá? Mo fa síìmù yọ. Síìmù ayé àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n fi owó gọbọi rà nígbà tí 4G kò tíì dé ayé, tí wọ́n wá fi síkísọ̀ gé kéékèèké kó lè wọ fóònù tuntun.

Ọjọ́rú ló lọ pààrọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà. 4G ló ń gbé báyìí, ọmọ-ọmọ ti rìn nínú fídíò. Ní ti 5G, lóòótọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà láti 2022, ṣùgbọ́n kò tíì dé òpó àdúgbò wa. Bí ẹ bá dé ilé ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà yin páálí.